Ẹ̀rọ Tó Pa Táíwò Rẹ́

Nínú mọ́tò Ọ̀yọ́ tí à ń dúró kó kún l'Ọ́jà Igbó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàrin ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ìyá àgbà kan tó jókòó tì í.

"Mọ́mì, kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ máa fi kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ṣe ètò kan tí yóò máa tẹ orúkọ sínú rẹ̀ dípò èèyàn, ká fi dán an wò. Mo káwọ́ gbera, orúkọ sì ń jáde."

"Láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án? Yéè!"

"Ìyẹn kọ́ ló dẹ́rù bà mí, mà. Ètò yẹn tẹ Táíwò, ẹ̀rọ gbà á. Ó tẹ Kẹ́hìndé, ẹ̀rọ tún gbà á. Nígbà tí mo wò ó, Kẹ́hìndé nìkan ló kù. Bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan, ẹ̀rọ ṣe bí ọmọ kan ṣoṣo ni, ó pa Táíwò rẹ́."

"Kò sì sọ pé nǹkan ṣe?"

"Ohun tó kọ ni pé, 'Ó pé.'"

"Ó pé kẹ̀? Ọmọ sọnù, ó ní ó pé!"

"Mo ti tún un ṣe, mà. Méjèèjì ló ń gbà báyìí."

"Ta ló tiẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ yẹn níṣẹ́? Ṣé wọn kì í bí ìbejì nílùú onítọ̀hún ni?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. "Èmi ni, mà. Èmi sì ni Táíwò ilé wa."