Òjó ni, Kì í Ṣe Ojo

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2025, Òjó Babárìndé kú sí ọsibítù ní Ìgándó. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni.

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Ó pẹ́ tí mo fi ṣe alága ẹgbẹ́ onílé fún yín, ẹ sì ti gbà mí gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ púpọ̀. Irọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò fẹ́ gbé wọ sàréè. Ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ nígbà tí ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́.

Gbogbo yín lẹ mọ Òjó. Òun ló máa ń fi aṣọ pupa dá bọ́ọ̀sì dúró láàárọ̀ kí àwọn ọmọ iléèwé lè sọdá títì. Òun ló máa ń wọnú gọ́tà lọ kó ìdọ̀tí nígbà tí àgbàrá bá fẹ́ wọlé yín. Nígbà tí ààtàn Solous gbiná, tí èéfín bo gbogbo wa, òun ló ń kan ilẹ̀kùn àwọn arúgbó kiri, tó ń fún wọn ní aṣọ tútù láti fi bo imú. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Síbẹ̀, kí ni àwọn ọmọ yín ń pè é? Bàbá Ojo. Òjó ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ àmútọ̀runwá, nítorí pé ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ojo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà, tó máa ń sá. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi àti Òjó jọ wọṣẹ́ sọ́jà ní Ìbàdàn lọ́dún 1968. Ẹgbẹ́ ni wá. Inú kòtò kan náà la jọ ń sùn nígbà ogun Biafra. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́bàá odò kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ọta ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wa lórí. Ọ̀gá wa ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò nínú kòtò. Mo kúrò. Mo ju ìbọn mi nù, mo sáré. N kò tíì sá jìnnà tí ẹsẹ̀ mi fi wọ ihò, tí ọrùn ẹsẹ̀ mi sì dá. Mo dùbúlẹ̀ ní gbangba, mò ń ké pe ìyá mi. Òjó ló jáde wá. Ó gbé mi sáyà bí ọmọ tuntun, ó kẹ̀yìn sí àwọn tó ń yìnbọn, ó ń gbé mi lọ. Ibẹ̀ ni ọta ti bà á lẹ́yìn, lábẹ́ èjìká. Kò jù mí sílẹ̀. Ó kàn ń bú mi bó ṣe ń lọ ni: "O wúwo tó báyìí, Simeon, o tún ń sunkún ìyá rẹ! Pa ẹnu dé, jàre!"

Ogun parí, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ohunkóhun. Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí a kọ́lé sí Ìgándó kí gbogbo wa tó jáde gbẹ́ gọ́tà ní ọjọ́ ìmọ́tótó kan. Oòrùn mú, Òjó bọ́ ẹ̀wù. Sàlàkọ́ tó ń jó irin, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, aláwàdà, rí àpá náà, ó sì kọjú sí Òjó:

"Bàbá Yẹ́misí, ẹ̀yìn kẹ̀? Àbí ẹ ń lọ ra búrẹ́dì nígbà tí ìbọn dún ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ni Òjó wò. Mo mọ ìdí tó fi wò mí: ìtìjú tèmi ló wà nínú ìdáhùn náà, kò sì fẹ́ bá mi sọ ọ́ níta. Gbogbo ojú wà lára mi, èmi alága, èmi tí mo ti ń ròyìn ogun fún wọn bí ẹni pé èmi nìkan ló jà á. Mo gún ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin rò pé Òjó ni? Ojo ni!"

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí yẹ̀pẹ̀. Kó tó pẹ́, orúkọ náà ti dé ẹnu àwọn ọmọdé.

Mo lọ bá a nílé nírọ̀lẹ́. N kò tọrọ àforíjì. Mo ní àwàdà ni. Ó ní, "Ẹnu tèmi kò ní sọ ọ́, Simeon. Ìwọ ló máa sọ ọ́. Ṣá má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù." Ó bu ẹ̀bà fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ó pẹ́ jù. Lọ́dún 2024, Ṣeunfúnmi, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, dìde ní ìpàdé, ó ní kí a fi orúkọ Òjó pe òpópónà wa. Ọ̀pọ̀ yín pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo ní kí a ṣe sùúrù. Mo ní, "Tí a bá kọ ọ́ sára pátákó, ta ló máa fi àmì ohùn sí i? Àwọn àlejò á máa bi wá pé kí ni Ojo yìí ṣe." Ẹ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì kú. Òjó wà níbẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so.

N kò tíì sọ èyí tó burú jù.

Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, mo lọ kí i. Yẹ́misí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń fi òróró ra á lẹ́yìn. Ó rò pé bàbá òun ti sùn lọ. Ó ní, "Bàbá Bùnmi, ẹ jọ̀ọ́ sà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi orúkọ yẹn bú mi. Mo bi dádì, wọ́n ní kí n bi yín. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n sá?"

Kò sí Sàlàkọ́ níbẹ̀. Kò sí ìpàdé. Kò sí ẹni tí n bá tìtorí ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rù. Mo ní, "Ọmọ mi, ogun le. Kò sẹ́ni tí kò lè sá. Má fi bínú sí wọn." Mo tilẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, bí ẹni tó ń tuni nínú.

Òjó kò sùn. Ó lajú, ó wò mí, ó sì yí ojú sí ògiri. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Yẹ́misí. Kò pariwo. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀ yẹn, tí mo bá ń fi òróró ra wọ́n lára, mo máa ń fo ojú àpá yẹn. Wọ́n mọ̀, sà. Wọ́n mọ̀ pé mò ń fò ó." Lẹ́yìn náà ló ní kí n máa lọ sílé.

Mo ti fi ipò alága sílẹ̀. Yẹ́misí kò tíì dárí jì mí, n kò sì ní kó yára. Ẹ̀yin ará àdúgbò, mo bẹ̀ yín, ẹ tún orúkọ náà pè sétí àwọn ọmọ yín: dò mí ni, kì í ṣe re re. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tó gbà yín là bá dákẹ́ nítorí yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìdákẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ yín.

Ohun tí Òjó Babárìndé fi sílẹ̀ nìyí: bàtà rọ́bà kan, tó ti lu lápá ọ̀tún, ṣọ́bìrì méjì, Bíbélì kan tí èèpo rẹ̀ ti já, kẹ̀ẹ̀gì omi tó máa ń gbé síwájú ilé fún àwọn tó ń ṣa irin ní ààtàn, omi ṣì wà nínú rẹ̀, Yẹ́misí, ọmọ rẹ̀, àti àwọn ọmọ tèmi mẹ́rin, Adébùnmi, Richard, Hope àti Tìmílẹ́yìn, tí n kì bá tí bí.