Ọwọ́ Ìyá Rábì Kọ́ Ló Fà Á

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná. Mo ba èèyàn lórúkọ jẹ́. Èèyàn tó ṣe mí lóore. Mo sì mọ̀ pé irọ́ ni, nígbà tí mò ń pa á gan-an ni mo ti mọ̀. Mi ò tíì jẹ́wọ́ ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí dòní, ó sì ti ń gbóná mọ́ mi láyà jù.

Ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n máa tẹ èyí. Mi ò kàwé púpọ̀ o. Orí fóònù ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá, bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Inú sì máa ń tètè bí mi. Ẹ bá mi mú un mọ́ra.

Ọmọ Kòmú ni mí, Ìpapó ni mo lọ́kọ sí. Ìyá Rábì ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àwọn ni ìyálé mi nínú ilé. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ máa ń gúnyán, odó kan, ọmọ odó méjì. Bí tiwọn bá ń lọ sókè, tèmi á máa bọ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á mọ̀ pé ilé wa ni.

Iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n mọ́ ni pé wọ́n máa ń wẹ ìkókó, wọ́n á tún wẹ ìyá ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bímọ ládùúgbò wa, Ìyá Rábì ni wọ́n máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè.

Ọmọ mi kẹta ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo rọbí pẹ́, agbára ti tán nínú mi kí ọmọ tó jáde. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n tí mo bá wúkọ́, ìtọ̀ á já. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, á já. Tí mo bá lóṣòó fọṣọ, nǹkan kan á yọ sí mi lójú ara, ó rọ̀ múlọ́múlọ́, bí ẹyin sísè tí wọ́n bó. Mo rò pé mò ń kú lọ ni.

Níbi tí Ìyá Rábì ti ń wẹ̀ mí ni wọ́n ti rí i. Wọ́n fi aṣọ bò mí. Wọ́n ní, "Ìyàwó, èyí kì í ṣe ti omi gbígbóná. Ọsibítù ni."

Àwọn ni wọ́n mú mi lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọkọ mi ní iṣẹ́ pọ̀ lóko.

Nọ́ọ̀sì yẹ̀ mí wò, ó ní kì í ṣe ilé ọmọ bí mo ṣe rò, àpò ìtọ̀ mi ló sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹran tó ń gbé e dúró ló ti dẹ̀ látàrí ìbímọ, pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣe, wọn kì í kàn sọ ni. Ni Ìyá Rábì bá bi í léèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, èmi ni mo ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ṣé ọwọ́ mi kọ́?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Rárá o, màmá. Ọwọ́ yín kọ́ ló fà á."

Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Dókítà wá sọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún mi. Ó ní mo lè máa fún abẹ́ mọ́ra lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró. Ó ní òrùka rọ́bà kan wà tí wọ́n lè fi sí mi nínú, tó máa gbé àpò ìtọ̀ náà dúró, wọ́n á máa yọ ọ́ fọ̀, wọ́n á máa dá a padà. Iṣẹ́ abẹ náà wà, ṣùgbọ́n tí mo bá ṣì fẹ́ bímọ, ọmọ míì tún lè fà á wálẹ̀, kí a fi ìyẹn sẹ́yìn ná. Èyí tó wù kí n mú níbẹ̀, kí n má gbé ẹrù wúwo. Kò gbọdọ̀ sí agbọ̀n iṣu lórí mi, kò gbọdọ̀ sí kẹ́ẹ̀gì ńlá.

Mo ní, "Iyán ńkọ́, dókítà?"

Ó ní, "Máa jẹ ẹ́. Má gún un."

Ìyá Rábì bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti yé mi, dókítà. Ọmọ odó méjèèjì ti di tèmi."

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi, Bàbá Àlíà. Mi ò ní pè é ní "wọ́n" níbí o, ẹ máà bínú, ẹ máa rí ìdí ẹ̀. Mo ní rọ́bà yẹn ni mo fẹ́.

Ó ní, "Rọ́bà? Nínú ìyàwó mi? Ṣé táyà ọ̀kadà ni ẹ́ ni?"

Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú ṣiṣẹ́ abẹ. Ó ní nígbà tí a ò tíì bímọ tán. Mo ní kí la wá fẹ́ ṣe. Ó ní kí n fún òun láyè kí òun ronú. Mo ní kó búra pé kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó sì búra.

Bó ṣe ń ronú ni mò ń fọ àkísà. Mi ò lọ sí àsàlátù mọ́, torí àlùwàlá mi kì í dúró. Mò ń parọ́ fún wọn pé ọmọ ò jẹ́ kí n ráyè.

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo lọ pọn omi nídìí bọ́họ̀lù. Obìnrin kan rí mi, ó ní, "Ẹ yà fún ìyàwó o, ẹ jẹ́ kó tètè pọn. Omi tiẹ̀ kì í dúró." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, "Ẹ wò ó dáadáa o, ṣé bọ́họ̀lù ló ń jò ni àbí òun?" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Mo fi kẹ́ẹ̀gì mi síbẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń rò ó. Ta ló mọ̀? Èmi. Ọkọ mi, tó búra. Ìyá Rábì. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo gbé fóònù, mo ṣe fóìsì sí gúrúùpù Wásáàpù àwa ìyàwó ilé. Mi ò tiẹ̀ fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n. Ohun tí mo sọ nìyí: "Ẹ bá mi kí Ìyá Rábì o, tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ káàkiri. Ọwọ́ ẹ̀ tó fi ń tẹ èèyàn níkùn yẹn ló já àpò ìtọ̀ mi wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀, kó má gbé e fún un wẹ̀."

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wà létí mi nígbà tí mò ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn kọ́. Mo kàn fẹ́ kó dùn wọ́n bó ṣe dùn mí ni.

Fóìsì yẹn rìn. Ó dé Kòmú lọ́dọ̀ ìyá mi, ó dé Òkèhò. Ìyá Rábì wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo ti gbọ́ ohun tó o sọ." Mo pòṣé, mo sì tìlẹ̀kùn mọ́ wọn.

Wọ́n ì bá sọ fún gbogbo ayé pé nọ́ọ̀sì ti sọ pé ọwọ́ àwọn kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo wọn. Wọn ò sọ ọ́. Bí àwọn ará àdúgbò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹlòmíì láti wẹ ìkókó nìyẹn. Tó bá sì di ọ̀sán, màá bá abọ́ iyán lẹ́nu ọ̀nà mi, Ìyá Rábì á ti dé e. Wọn kì í kanlẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́? Mò ń bínú sí wọn, mo sì ń jẹ iyán wọn.

Ìbínú yẹn náà ló gbé mi padà lọ sí Ìsẹ́yìn. Mi ò sọ fún ọkọ kankan. Mo ní kí wọ́n fi rọ́bà náà sí mi. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fi sí i, wọ́n ní kí n dìde kí n wúkọ́. Mo wúkọ́. Kò já. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi bọ̀ wálé, mo mọ̀ọ́mọ̀ ń rẹ́rìn-ín kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àwọn èèyàn inú ọkọ̀ ń wò mí. Mo sì ń fún abẹ́ mọ́ra lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo padà sí àsàlátù. Obìnrin kan fò mọ́ mi. "Haa, ìyàwó! Alhamdulillahi! Àdúà wa ti gbà!"

Mo ní, "Àdúà wo?"

"Èyí tí Bàbá Àlíà ní ká ṣe fún ẹ ńkọ́? Ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn tó gbé ṣúgà àti bisikíìtì wá ṣe sàráà. Alfa fi máìkì sọ ọ́, pé ká ṣàmín fún ìyàwó ẹ̀ tí ìtọ̀ ò dúró lára ẹ̀. Gbogbo wa la ṣàmín, wallahi. Ọjọ́ kejì ẹ̀ náà lo sá kúrò nídìí bọ́họ̀lù, tó o fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀."

Máìkì. Ẹ jọ̀ọ́, máìkì.

Mi ò dúró kírun. Mo bá ọkọ mi nílé níbi tó ti ń pọ́n àdá. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. "Ìwọ lo gbé ìdí mi síta?"

Ó ní, "Àdúà ni mo ní kí wọ́n ṣe. Ṣé àdúà ti wá dẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"O gbọ́ fóìsì tí mo fi bú Ìyá Rábì."

"Mo gbọ́ ọ."

"O ò sọ nǹkan kan!"

Ó ń pọ́n àdá ẹ̀ lọ. "Tí mo bá sọ, o ì bá ti kó ẹrù ẹ lọ sí Kòmú. Ìyá Rábì ti dàgbà ní tiwọn, wọ́n á mú un mọ́ra."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju máìkì lọ. Ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe ń ba ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jẹ́ nítorí ohun tí òun fúnra ẹ̀ ṣe, a sì jọ ń bu iyán obìnrin náà nínú abọ́ kan. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́, pé tí ẹ̀gbọ́n òun bá gbọ́, wọn ò ní jọ dáko mọ́.

Ibi tí tèmi ti burú jù nìyí. Mo gbà fún un. Mo dákẹ́. Mò ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣe náà ni mò ń ṣe.

Lọ́sẹ̀ yìí, Rábì tó lọ́kọ sí Òkèhò bímọ. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Ìyá Rábì máa rí. Wọ́n kó kànìnkànìn tuntun, ọṣẹ dúdú àti òróró sínú báàgì, wọ́n wọ ọkọ̀ láàárọ̀. A rò pé ó di lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí wọ́n fi dé.

Mo ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ mà tètè dé?"

Wọ́n ní, "Àwọn àna ní ẹlòmíì ti ń wẹ ọmọ. Wọ́n ní kí n máà fọwọ́ kàn án." Wọ́n gbé báàgì wọlé. Kànìnkànìn yẹn gbẹ bó ṣe kúrò nílé. Lẹ́yìn náà, wọ́n jáde wá, wọ́n mú ọmọ odó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀bẹ̀ ti inú yàrá ò lè dé Òkèhò. Fóìsì ló ba ọwọ́ wọn jẹ́, fóìsì náà ló yẹ kó tún un ṣe, nínú gúrúùpù kan náà. Tí mo bá sì sọ ọ́, gbogbo ilé á mọ ohun tí ọkọ mi ṣe. Ó ti ní òun ò ní gbà á fún mi. Ẹ̀rù ẹ̀ ò bà mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ojú Ìyá Rábì ni mi ò mọ bí mo ṣe máa wò. Ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún wọn ni, àbí kí wọ́n kàn gbọ́ ọ nínú fóònù bí wọ́n ṣe gbọ́ ti àkọ́kọ́?

Bí mo ṣe ń tẹ èyí, mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ògiri. Ọmọ odó kan ṣoṣo ló ń dún.

Ó ti dákẹ́. Wọ́n ń pè mí. "Ìyàwó, wá gba iyán ẹ kó tó tutù."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Kí ni kí n sọ tí mo bá nawọ́ gbà á?