Imọ̀ Àgbọn Tí Mo Ká Lórí Ẹyin Ìjàpá Òkun

Lateefat, sún mọ́ mi. Ohun tí mo gbé mì láti ọdún 2004 ti fẹ́ bá mi wọ sàréè, n ò sì ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni. Bàdírù, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi.

Fọlákẹ́, ọmọ yunifásítì kan, ló gba àwa méjèèjì síṣẹ́ létí òkun lápá Ẹ̀pẹ́ níbí. Ó kó ẹyin ìjàpá òkun sínú ọgbà, ó fi imọ̀ àgbọn ṣíji bò wọ́n. Ó ní ayé ti ń gbóná sí i: bí yanrìn bá gbóná, abo nìkan ni yóò jáde, bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ẹyin lọmọ yóò kú sí. Mo fi rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń sin adìyẹ, mo ní ooru ló ń sọ ẹyin di òròmọ, kí ni wọ́n ń fi ìbòòji ṣe? Òmùgọ̀ àgbà ni mí.

Lọ́jọ́ tí Fọlákẹ́ lọ sí Ìkòròdú, ẹja ya wọlé, igi ìdáná sì wọ́n. Mo ká imọ̀ yẹn, mo fi yan ẹja. Bàdírù bá mi níbẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n dá a padà. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, ṣé òun ló bí mi ni?

Ọjọ́ kẹfà ni Fọlákẹ́ dé. Ó hú yanrìn, ó ń la ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ìjàpá wà nínú wọn, ojú, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló pé, òkú sì ni gbogbo wọn. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tọ́mọ kú fún.

Gbogbo ìlú kóra jọ sí ọjà. Bàdírù ti ta ẹyin ìjàpá rí, òun ni wọ́n kọjú sí pé ó jí imọ̀ náà. Kò ní tú àṣírí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín ọjà. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Olè ni wọ́n pè é títí tó fi kó yín lọ sí Ìgbògbò. Ibẹ̀ ló kú sí, kò tún fẹsẹ̀ kan Ẹ̀pẹ́ mọ́. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo sunkún ju gbogbo yín lọ. Ẹ ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Má tíì dárí jì mí. Gbé mi lọ sí ọjà lọ́la, kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ níbi tí mo ti purọ́.