Wọ́n Sọ "Tẹ́sítíìn" Lé Ohùn Màmá Lórí

Má jókòó, Adébùsóyè, tàbí kí o jókòó, èwo ló kàn mí, àga náà nìyẹn, ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ ti jókòó lé e tó! Ṣé mo pariwo? N kò pariwo. Láti Sọ́ńdè tí mo ti gbọ́ ọ, n kò tíì sunkún. Mo ń se oúnjẹ, mo ń jẹ ẹ́, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń tò fún kẹrosíìnì bí gbogbo ayé, ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n fi òwú dí mi létí ni. Ṣùgbọ́n wá gbọ́ ohun tí o ṣe fún mi, torí ó jọ pé o kò mọ̀ ọ́n.

Ta ló ní kí ẹ wá dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ nínú pálọ̀ mi ní Ìjàpọ̀ níbí? Èmi ni! Ìwọ lo wá bá mi, o ní, "Àǹtí mi, àwa tí a ń fi ọwọ́ ara wa to áńpílífáyà tó ń gbé ohùn sókè ní Àkúrẹ́, a ò níbi tí a ti lè pàdé." Mo ní ẹ máa bọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnníyì gbé sípíkà tó fi pákó bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kàn wá. Olúgbémiga wọ mọ́tò láti Oǹdó, ó gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lé itan bí ọmọ tuntun, ẹ̀rọ tó fi ara rédíò mẹ́ta tó ti kú tò. Mo yan ẹ̀pà fún yín. Orúkọ yín tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́, ọwọ́ ta ló kọ ọ́? Háà!

Ẹ wá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ Olúgbémiga á gba ohùn. Kò sẹ́ni tó ní kásẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ti wọ́n bí ojú. Ìwọ wá dìde, o ní o mọ ibi tí ọ̀kan wà. Dúrọ́ọ̀ mi! Lábẹ́ Bíbélì mi!

Kásẹ́ẹ̀tì tí Màmá wa jókòó ní Oǹdó, ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, tó sọ bí òun ṣe bí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, ojú ọjọ́ rẹ̀, ẹni tó gbé omi gbígbóná wá, pẹ̀lú ohùn Oǹdó rẹ̀ tó máa ń lọ sókè bí ẹni ń gun àkàbà. Èmi ni mo gbà á. Mo fi ọ̀bẹ ṣẹ́ ike kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lè gba nǹkan mìíràn lé e. Ta ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀? Má wolẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìwọ ni?

O rí i pé wọ́n ti ṣẹ́ ẹ, kí wá lo ṣe? O ya bébà, o ká a, o fi dí ihò náà kí ẹ̀rọ lè gbà lé e, bí gbogbo ẹ̀yin onírédíò ṣe máa ń ṣe. Ṣé o mọ bébà tó jẹ́? Èyí tó wà nínú ilé kásẹ́ẹ̀tì náà, tí mo kọ "Màmá" sí gàdàgbà! "Mà" kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Inú ihò ni mo ti bá ìkejì.

Ní Sọ́ńdè yẹn, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọdún kẹta ikú Màmá ló pé. "Hẹló, hẹló, tẹ́sítíìn, wán, tú." Ẹ̀rín Ògúnníyì. Lẹ́yìn náà, ìwọ: "Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́ kedere!" Ó mọ́ kedere lóòótọ́, n kò ní purọ́ mọ́ yín. Odindi ìdajì wákàtí lẹ fi jiyàn lórí wáyà. Ìparí pátápátá ni Màmá tó yọ, ó ní, "Monílọ́lá, ṣé ó ń gbà á? Ó tó, pa á, omi mi ti ń hó." Ìyẹn ló kù.

Kí lo sọ? Pé ṣebí mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé? Mo ń kọ ọ́! Ìgbàkígbà tí iná bá wà ni mo ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Mo ti kọ tèmi, mo ti kọ ti Akíntúndé, mo ti kọ ti Wúrà. Ta ló kù? Dá mi lóhùn, àbíkẹ́yìn Màmá, ta ló kù?

Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ náà ti wá gbọ́ ọ báyìí.

Má dọ̀bálẹ̀, sìmẹ́ńtì yẹn tutù. N kò fẹ́ "ẹ jọ̀ọ́". Mo ṣì rántí díẹ̀ nínú tìrẹ: òjò, ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Bọ́lọ́rundúró, Màmá lórí àpò kòkó, Bàbá tó ń sáré lọ wá obìnrin kan wá. Ìyókù ń sá kúrò lọ́kàn mi lójoojúmọ́. Gbé ẹ̀rọ ẹgbẹ́ yín wá. Orí ẹ̀rín yín ni kí o gbà mí lé, ṣùgbọ́n kí o dá a dúró kó tó dé ibi omi tó ń hó. Bí mo bá parí, ìwọ fúnra rẹ ni yóò fi ọwọ́ yọ bébà yẹn kúrò. Ó yá, tẹ bọ́tìnì pupa yẹn. Bí o bá sì fi lè sọ "tẹ́sítíìn" níbẹ̀, Adébùsóyè, mo fi Ọlọ́run búra, ìta ni ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ yóò ti máa ṣe ìpàdé!