Cortez, Ọmọ Tó Ń Fi Ọwọ́ Kan Sẹ́yìn Kọrin

Ẹ̀yin ará Orange Mound ní Memphis níbí, ẹ̀yin ọmọ ìjọ Mount Gilboa, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Earlene, àbúrò mi, kú ìrọ́jú ọmọ. Èmi Otha Pettigrew ni mo dúró síwájú yín, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ mọ̀ mí. Bí òjò bá ṣú, ẹ̀rù á bà mí. Bí kò bá ṣú, màá máa ronú ohun tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n ti òní ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí mo ní ẹ̀bẹ̀ kan láti bẹ̀ kí n tó jókòó, ẹni tí mo fẹ́ bẹ̀ sì le ju irin lọ.

Ọmọ tó sùn sínú pósí yìí, tí ọkàn rẹ̀ ṣíwọ́ lójijì lọ́sẹ̀ tó kọjá, Cortez Whitlow la sọ ọ́. Tez Carnes layé ń pè é. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òun, òpópónà ló wò. Ní òpópónà Carnes, lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń pagbo, tí wọ́n á máa kọ ráàpù. Òfin kan ṣoṣo ni agbo yẹn ní: ọ̀rọ̀ tí o bá sọ, orí tìrẹ ni kó ti wá. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì wọ agbo, olè ni. Wọ́n á hó lé e lórí títí á fi délé ìyá rẹ̀.

Nígbà tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sórí rédíò, inú ọkọ̀ mi ni èmi àti Earlene wà. Gbogbo Memphis ń jó. Earlene nawọ́, ó pa rédíò. Mo ní, "Ọmọ rẹ nìyẹn o!" Ó ní, "Mo gbọ́. Ọmọ ni mo bí, mi ò bí ariwo."

Ọmọ bá ń lọ káàkiri. Atlanta, Chicago, London. Èmi ò sùn. Mo ń ro ọkọ̀ òfúrufú, mo ń ro ìbọn, mo ń ro àwọn tó ń bá a jẹun. Ó sì mọ̀. Ibikíbi tó bá balẹ̀ sí, kó tó gba báàgì rẹ̀, á pè mí: "Ẹ̀gbọ́n Màmá, mo ti balẹ̀. Ẹ lọ sùn." Ìgbà mìíràn, ọ̀sán gangan ni lọ́dọ̀ mi, á ṣì ní kí n lọ sùn. Mo sì máa ń sùn!

Ìgbà tó yá, àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n pè é sí Los Angeles. Wọ́n ní kó ṣe awakọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn nínú eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọ wa sì sọ ọ̀rọ̀ tara rẹ̀. Wọ́n dá a dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ó tún sọ òmíràn. Olùdarí ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ohun tó wà nínú ìwé kọ́ nìyẹn." Ó ní, "Ta ló kọ ìwé?" Wọ́n ní obìnrin kan ni. Ó ní, "Ẹ pè é kó wá sọ ọ́. Òun ló ni ín."

Wọ́n ní kó lọ rò ó dàárọ̀. Ó pè mí. Mo ní, "Cortez, wọ́n á lé ọ!" Ó ní, "Kí wọ́n lé mi. Bí Ẹ̀pà bá gbọ́ pé mò ń pe ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ ní tèmi, ibo ni mo fẹ́ gbójú sí?" Ẹ̀pà tó ń wí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀pà tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn.

Mo gbé fóònù fún Earlene. Ó ní, "Cortez, àwọn orin ìyìn tí mò ń kọ láti ọmọdé, ṣé èmi ni mo ṣẹ̀dá wọn?"

"Rárá, Màámi."

"Ṣé olè ni mí?"

Ó ní, "Háà, Màámi!"

"Ẹlòmíì ló ṣẹ̀dá wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ, tí mo fi omijé kọ wọ́n, tèmi ni. Wá ibi tó ti dùn ọ́ rí, kí o fi sọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Padà sẹ́nu iṣẹ́, olóríkunkun!"

Ó padà. Ẹ̀yin náà rí i. Ó ń wakọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yin ń sunkún nínú yàrá. Àwọn ìyá arúgbó á dá a dúró nínú ilé ìtajà: "Ọmọ mi, apá mi ń ro mí." Kò jẹ́ sọ fún wọn pé eré ni. Á di ọwọ́ wọn mú, á ní, "Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín láàárọ̀?" Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Òun kò gbàgbé. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí gbogbo ẹbí ń padà sílé bá dé, á wálé, á lọ dúró sínú agbo lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, Ẹ̀pà á sì máa bú u: "Dókítà inú àpótí tẹlifíṣọ̀n! Sọ tìẹ o, má sọ ti ìwé!" Á rẹ́rìn-ín, á sọ tirẹ̀.

Earlene kò jẹ́ kí eré tẹlifíṣọ̀n ọmọ rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ fo òun rí. Ṣùgbọ́n àwo orin? Kò gbọ́ ọ̀kan.

Ẹ̀bẹ̀ mi wá nìyí. Ẹ̀pà àti àwọn ará agbo wà níta, nínú òjò. Àṣà wọn ni pé bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, wọ́n á pagbo yí i ká, oníkálukú á sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bó bá wá kan òkú, wọ́n á dákẹ́ fún un. Díákónì Tolliver ní ráàpù ò ní wọlé Ọlọ́run. Díákónì, ẹ má bínú, ẹ jókòó, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ló lòkú. A bi ìyá láàárọ̀, kò fèsì. Bí a bá gbé Cortez sin lọ́la láìpagbo, àwọn tó sọ ọ́ dèèyàn á di àlejò níbi òkú rẹ̀.

Earlene, gbọ́ mi. Láti ìgbà tí irun rẹ ti dúdú lo ti ń ṣolórí àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí, tí wọ́n ń fún èrò ní ìjókòó. Ẹ kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọwọ́ òsì á wà lẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún á ní: dúró, jókòó, wọlé. Nígbà tí Cortez wà ní kékeré, á wà lórí àga níwájú, á máa wò ọ́. Orin rẹ̀ tí o ò gbọ́, o ò sì wo bó ṣe ń kọ ọ́. Èmi wò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á lọ sẹ́yìn, á nàró ṣánṣán, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún darí èrò bí ẹni ń fi wọ́n jókòó. Àwọn ọmọ London ń ṣe é. Àwọn oníròyìn bi í pé kí nìtumọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ. Ìwọ ni, Earlene. Ariwo tí o ní o ò bí, ìwọ lo bí i.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá ọ ṣiṣẹ́, tó di ilẹ̀kùn mú yẹn, tìbọ̀wọ́ funfun tìbọ̀wọ́ funfun, kì í ṣe ẹnu Díákónì ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń wò.

Ẹ fún Earlene láyè. Ẹ má dì í mú, ó fẹ́ dìde.

Ẹ ò rí i? Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún... Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ó ní kí wọ́n wọlé. Ó ní gbogbo wọn! Ẹ̀pà, nu ẹsẹ̀ o, kápẹ́ẹ̀tì tuntun ni! Ẹ sún àga yẹn, kó má gbé wọn ṣubú.

Cortez, kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó lanu, jẹ́ kí n ṣe tèmi. Ọ̀nà tí o ń lọ yìí, mi ò lè fojú bá ọ dé òpin rẹ̀. Bí wọ́n bá ń din ẹja lọ́hùn-ún, bá wọn jẹ. Bí wọ́n bá pagbo, wọlé, tìẹ ni kí o sọ. Má wulẹ̀ wá fóònù láti pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Lónìí, èmi ni màá sọ ọ́ fún ọ, ọmọ mi: o ti balẹ̀.

Lọ sùn.