Ohun Tí A Fi Pamọ́ fún Táyọ̀

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń sáré, tí n kò tíì mọ̀ pé orúnkún máa ń dun èèyàn, Ibiade la wà… Ẹ súnmọ́ mi. Déjì, fi fóònù yẹn sílẹ̀. Bísí, ìwọ náà jókòó, má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Mo ti gbọ́ ohun tó gbé yín wá láti Àgọ́-Ìwòyè. Oyún oṣù mẹ́ta. Bísí ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé Déjì ló ni ín. Déjì ò mọ̀ bóyá kó dúró ni tàbí kó sá. Mo gbọ́. N kò ní bá yín jà. Ọ̀rọ̀ Táyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, Bọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ẹja yíyan niṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti ìyá wa lọ. Nígbà tó lóyún, bàbá wa, tó jẹ́ olùkọ́ ìjọ, pe gbogbo wa sí pálọ̀. Ó ní, "Bọ́lá, ta ló fún ọ lóyún?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, n kò mọ̀."

Háà! Ẹ gbọ́… láyé ìgbà yẹn, ta ló ń sọ irú ẹ̀ níwájú bàbá? Ìyá wa káwọ́ lórí. Ọkùnrin méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ni Jóṣúà, apẹja, ará Efire. Èkejì, oníṣòwò gẹdú ni, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, tó máa ń wá ra igi létí omi wa. Bọ́lá àti Jóṣúà jà, ó yà sọ́dọ̀ onígẹdú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, òun àti Jóṣúà parí ìjà. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe oníṣekúṣe o. Ọmọ ogún ọdún ni.

Àbúrò bàbá wa ní, "Mú ọ̀kan níbẹ̀, Bọ́lá. Mú èyí tó ti kọ́lé." Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ní purọ́ mọ́ ọmọ tí òun ò tíì rí.

Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Onígẹdú ní kí wọ́n má dárúkọ òun mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ yọjú. Jóṣúà wa ọkọ̀ wá fúnra rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹni tó bá wẹ ọma ló l'ọma. Èmi ni màá wẹ̀ ẹ́." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn… "ọma", bí a ti ń pe ọmọ lọ́dọ̀ wa.

Bàbá wa ní, "Ṣé o rò ó dáadáa?"

Ó ní, "Ẹni tí ẹ rán ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi, sà. Mo ti ń rò ó bọ̀ láti Efire. Ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn."

Ó fẹ́ Bọ́lá, ó mú un lọ sí Efire. Ìpinnu rere nìyẹn, àbí? Ṣùgbọ́n àwa la bà á jẹ́. A jọ pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ọmọ náà. A rò pé ìfẹ́ ni.

Nígbà ayé wa, kò sí DNA tí ẹ ń sọ yìí. Imú la ń wò. Àtẹ́lẹsẹ̀ la ń wò. Ìyá kan á wá, á ní, "Etí Jóṣúà rèé!" Òmíràn á yẹ̀ ẹ́ wò, á kùn. Táyọ̀ dàgbà láàárín ìkùnsínú yẹn, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kùn sí. Jóṣúà kọ́ ọ ní àwọ̀n jíjù kó tó mọ̀wé kà. Bọ́lá tún bí Fẹ́mi tẹ̀ lé e.

Táyọ̀ ti lé lógún ọdún nígbà tí Jóṣúà kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré. Ní etí sàréè, àlùfáà ní kí àkọ́bí wá bu yẹ̀pẹ̀. Táyọ̀ bẹ̀rẹ̀ pé kó mú ṣọ́bìrì, àbúrò Jóṣúà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ kọ́. Kí Fẹ́mi wá. Ọmọ ẹ̀jẹ̀ la ń pè."

Táyọ̀ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wolẹ̀. Ó wá wo èmi… èmi tíṣà, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi níwájú kíláàsì. Èmi náà wolẹ̀. Títí dòní ni mo rántí ilẹ̀ yẹn. Èèrà ń tò kọjá níbẹ̀, wọ́n gbé ìyẹ́ kòkòrò kan.

Táyọ̀ rìn lọ. Oṣù márùn-ún, a ò rí i. Ìyá rẹ̀ ò lè jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ti ti ilé ìwé dé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Ó ti rù. Ó ní òun ti ń bá wọn kó igi sórí ọkọ̀ agbégilódò. Kò kí mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Àwọn tó ń bá màmá mi ra ẹja ńkọ́?"

"Wọ́n mọ̀."

Ó ní, "Ó wá ku èmi nìkan."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ọlọ́run ló mọ̀, fara balẹ̀, gbàgbé rẹ̀… Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ sáà jókòó." Mo jókòó. Ọdún kan gbáko ló lò lọ́dọ̀ mi. Màá gbé gàárì àti ẹja kalẹ̀, màá jókòó. Lọ́jọ́ kan, kò ní la ẹnu. Lọ́jọ́ mìíràn, á bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá mi, á sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí gbogbo wa dé orí èmi. Mo gbà á. Mo ní, "A ṣẹ̀ ọ́, Táyọ̀. Bíbí tí a bí ọ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Dídákẹ́ tí a dákẹ́ ni."

Ìgbà tó yá, tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ onígẹdú fún un, ó ní kí n mú òun lọ rí i. A lọ sí ṣọ́míìlì rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ó ti dàgbà, ìka méjì ti gé lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Mo ní, ọmọ Bọ́lá nìyí. Ó wo Táyọ̀ títí, ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí nígbà yẹn. Mo níyàwó nílé. N kò mọ̀ bóyá èmi ni, n kò sì wádìí."

Táyọ̀ ní, "Ṣé ẹ mọ orúkọ mi, sà?"

Ọkùnrin náà wo ojú mi, bóyá màá sọ ọ́ fún un. N kò sọ.

Táyọ̀ ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́." A jáde. Níbi tí wọ́n kó pàǹtí igi jọ sí ló ti bú sẹ́kún. Ẹkún Jóṣúà ló ń sun. Kò tíì ráyè sunkún bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ó padà sí Efire. Bọ́lá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, odidi ọjọ́ Sátidé kan. Wọn ò rẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rẹ́. Fẹ́mi ní tirẹ̀ lọ bá àbúrò bàbá wọn, ó ní, "Bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá jẹ́ ọmọ ilé yìí, ẹ yọ orúkọ tèmi náà." Àìpẹ́ yìí ni òun àti Táyọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò DNA náà, torí Táyọ̀ fúnra rẹ̀ ló fẹ́ mọ̀. Èsì jáde. Kí ló sọ? Bísí, mo rí i pé o fẹ́ bèèrè. Táyọ̀ ló ni èsì rẹ̀, n kò ní sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí Fẹ́mi fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ, Táyọ̀ ló jókòó síbi tí Jóṣúà ì bá jókòó sí.

Ayé ti yí padà… Lónìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń pín èsì ọmọ ọlọ́mọ kiri, tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà á dàgbà, á sì rí i. Hmm.

Déjì, o ní bí kò bá jẹ́ tìrẹ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Kì í ṣe ìtìjú láti fẹ́ mọ̀. Ẹ bi dókítà ìgbà tó dáa láti ṣe é. Bí o bá sì fẹ́ lọ, sọ ọ́ lójú Bísí, má kàn pa fóònù. Bísí, ọmọkùnrin kejì yẹn, ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́. Ọmọ inú rẹ náà, ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́, ní ọ̀rọ̀ kékeré tí ọmọdé lè gbé, kó tó tó ilé ìwé lọ.

Bísí, ta lo ti sọ fún nílé? Kò sí ẹnì kankan? Látọjọ́ yìí?

Ó dáa. Mú fóònù yẹn. Pe ìyá rẹ. Èmi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bó bá pariwo, gbé e fún mi.