Àpótí Ìsàba Tí Mo Pè Ní Wọ́mà

Mo ti gé páànù tán, mo ti fi fáìlì ra ẹnu rẹ̀ kí ó má baà ya ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, gíláàsì sì wà nílẹ̀ lórí àpò tí mo tẹ́ fún un. Àpótí tí yóò máa mú oúnjẹ gbóná ni mo fẹ́ kọ́, fún obìnrin kan tí mo bà lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀, kò fẹ́ so wáyà kan mọ́ òmíràn, àfi bí mo bá kọ́kọ́ tú ohun tó wà níkùn mi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u. Èmi Ògúndàmọ́lá, oníṣẹ́ iná ní Òyè-Èkìtì, ọmọ alágbẹ̀dẹ, mo ṣe ìkà. N kò fi ọ̀bẹ ṣe é, n kò fi májèlé ṣe é. Ooru ni mo fi ṣe é, ooru tí kò tó, àti irọ́ tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀.

Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Láti kékeré, bí rédíò bá ti dákẹ́ nílé wa, èmi ni n óò tú u, n óò máa wá ibi tí iná ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Bàbá mi tó ń bọ Ògún a máa rẹ́rìn-ín, a ní, "Dàmọ́lá, bó o bá tú u, kó o tò ó padà o. Irin kò fẹ́ràn ẹni tó ń fi nǹkan sílẹ̀ ní ìhòòhò." Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àpótí ìsàba fún àwọn tó ń sin adìẹ ní Ìsàn. Ohun tí àgbébọ̀ ń fi àyà ṣe fún ẹyin rẹ̀ ni àpótí náà ń fi gílóòbù ṣe. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú tẹmositáàtì, nǹkan kékeré kan tó ń pa iná bí ooru bá ti tó, tó sì ń tàn án padà bí ooru bá ti ń lọ sílẹ̀. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe máa ń dùn tí mo bá gbọ́ bó ṣe ń dún "tá", tí gílóòbù á kú, tí yóò tún dún "tá", tí yóò tún tàn. Ọjọ́ tí òròmọdìẹ àkọ́kọ́ fọ́ èèpo ẹyin nínú àpótí mi, mo jókòó tì í bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Iṣẹ́ yìí ni Ọ̀gá Olúmúyìwá gbọ́ tó fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ilé ìpanu kan lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbà: adìẹ díndín, mítì-páì, ṣàwámà, oúnjẹ tí ènìyàn lè rà kó sì máa jẹ ẹ́ lórí ọ̀kadà. Kristiánà ọmọ Odò-Orò, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tiwátọ́pẹ́, ló ń dáná níbẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹnjiníà, mo fẹ́ wọ́mà onígíláàsì tí oúnjẹ kò fi ní tutù. Èyí tí mo rí ní Adó, iná tó ń jẹ pọ̀, páì inú rẹ̀ sì máa ń le bí òkúta. Ṣé o lè ṣe èyí tí yóò máa ṣe jẹ́jẹ́?" Mo ní, "Ọ̀gá, jẹ́jẹ́ niṣẹ́ mi." Tẹmositáàtì àpótí ìsàba kan wà nínú àpò mi. Mo so ó mọ́ wọ́mà náà. Páì kò gbẹ mọ́, adìẹ ń dán, iná kò jẹ nǹkan. Ọ̀gá gbá mi léjìká. Mo wò ó pé mo ti gbọ́n ju àwọn tó ṣe ti Adó lọ, n kò sì bi ara mi léèrè ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí tiwọn gbóná tó bẹ́ẹ̀. Títí dé ibí yìí, àṣìṣe ni. Ẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nǹkan kan kì í ṣe ẹni tó jẹ adìẹ ní àárọ̀; ẹni tó jẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ni inú yóò máa run, tí yóò máa sáré lọ sẹ́yìn ilé. Ọmọbìnrin kan, Ìkẹ́olúwa, tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn, dákú lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n sì gbé e lọ síléèwòsàn, wọ́n ń fa omi sí i lára. Gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú ilé ìpanu náà ló mọ ohun tó fà á. Ọ̀kan ní, "Epo tí wọ́n fi ń dín in ni, ó ti dúdú bí epo mọ́tò." Òmíràn ní, "Irọ́ ni, omi tí wọ́n fi ṣan kábéèjì ni." Ọlọ́kadà kan ní, "Àjẹjù ni jàre! Ẹni tó jẹ itan adìẹ tó tún fi ṣàwámà lé e, kí ni kí inú rẹ̀ ṣe, kó jó?" Bàbá àgbà kan tó ń kọjá tilẹ̀ dúró, ó ní, "Iyán wà ní ulé, ẹ ò jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n tò sínú gíláàsì bí aṣọ títà lẹ ń jẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú ká, mo ṣí ìlẹ̀kùn wọ́mà, mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí abẹ́ ìyẹ́ àgbébọ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Kòkòrò tí ojú kò lè rí, tó ń ba oúnjẹ jẹ́, kò fẹ́ òtútù, kò sì fẹ́ ìgbóná tó ń jóni lọ́wọ́. Irú ooru tí ẹyin ń fẹ́ gan-an lòun náà ń fẹ́. Kò sí ọwọ́ tí kò ní díẹ̀ nínú wọn, tèmi, tiyín. Bí wọ́n bá kéré, ara wa a máa borí wọn. Èmi ni mo wá kọ́ ilé fún wọn, tí mo tan iná fún wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí díẹ̀ fi di ọ̀kẹ́ àìmọye, tí wọ́n sì tu oró sínú ẹran. Bí oró náà bá ti wà níbẹ̀, ẹ lè gbé ẹran padà sórí iná kó máa hó, òmíràn nínú rẹ̀ kò ní lọ. Wọ́mà kọ́ ni mo kọ́ fún Ọ̀gá. Àpótí ìsàba ni, àwọn ọmọ èèyàn sì ń jẹ ohun tó pa nínú rẹ̀ bí ẹyin ṣe ń pa.

Ǹjẹ́ mo ké? N kò ké. Mo gbọ́ pé àwọn wolé-wolé ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo sì tètè débẹ̀ kí wọ́n tó dé. Mo sọ fún Ìyá Tiwátọ́pẹ́ pé mo fẹ́ nu gíláàsì. Obìnrin yìí bá mi pọn omi, ó tún ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ẹ̀yin nìkan lẹ rántí wa." Ó yí ẹ̀yìn padà, mo yọ tẹmositáàtì ìsàba, mo fi èyí tó ń jẹ́ kí ooru le dáadáa rọ́pò rẹ̀. Àwọn wolé-wolé dé, wọ́n ki tẹmómítà bọ inú wọ́mà, ó gbóná bó ṣe yẹ. Wọ́n wo epo, wọ́n wo omi, wọn kò rí nǹkan; ó wá ku ọwọ́ alásè. Nígbà náà ni Ọ̀gá yíjú sí mi níwájú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Dàmọ́lá, ojoojúmọ́ lo ń wá síbí. Ṣé o ti rí Ìyá Tiwátọ́pẹ́ rí tó fọwọ́ kan ẹran láì fọ ọwọ́?" Ìyá Tiwátọ́pẹ́ kò tilẹ̀ bẹ̀rù. Ó ní, "Ẹ bi wọ́n dáadáa. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ mi, wọ́n mọ̀ mí." Sikirudíráfà wà lọ́wọ́ mi, irin, lọ́wọ́ ọmọ Ògún. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, Ọ̀gá. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ wò ó, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí obìnrin tó ń fọ ọwọ́ bíi tirẹ̀ ní gbogbo Òyè. Ó yíjú wò mí, kò bú mi, ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá lé e lọ lọ́jọ́ náà. Ohun tó tún burú jù ni pé láti ọjọ́ yẹn, àìsàn náà dáwọ́ dúró, nítorí mo ti pààrọ̀ ohun tó fà á. Àtúnṣe tí mo ṣe níkọ̀kọ̀ wá di ẹ̀rí lòdì sí i. Gbogbo ènìyàn ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Ó lọ, ó tán." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Ìgbẹ́-Gbuuru. Ìkẹ́olúwa gbádùn, Ọ̀gá gba alásè mìíràn, èmi náà ń jẹ, mo ń mu.

Ọjà Ayébòdé ni mo ti tún rí i, níbi tó ti ń ta ẹ̀gẹ́ tútù. Mo fẹ́ yà, ó ti rí mi. "Ẹnjiníà! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó." Ó nu àpótí ìjókòó fún mi. Ọwọ́ tó fi nù ún ti bó, ó pọ́n, ó sán ní gbogbo oríkèé. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní, "Jíìkì tí wọ́n fi ń bó àbàwọ́n aṣọ ni mo fi ń fọ̀ ọ́. N kì í dáná fún àwọn ọmọ mi mọ́, ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló ń bá mi sè é. Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ bá mi wá a. Mo ti rò ó títí. Mo ń fọwọ́, mo ń se ẹran jiná. Kí ló wà lára ọwọ́ mi tí kì í lọ?"

Ìyà wà tó ju ìyà lọ: kí ẹni tí o pa lára máa bẹ̀ ọ́ kí o bá òun wá ẹni tó pa òun lára. Mo sọ fún un níbẹ̀, lórí ìjókòó náà, láti orí àpótí ìsàba títí dé orí irọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Ọwọ́ mi kọ́?" Mo ní, "Ọwọ́ yín kọ́." Ó tún bi mí, mo tún dáhùn. Ó sunkún, ó fi ọwọ́ náà nu ojú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku ọjà. Ó ní, "Ẹ dìde. Kì í ṣe ibí lẹ ti pa orúkọ mi. Ẹ lọ jí i níbi tẹ́ ẹ ti pa á."

Mo lọ. Mo dúró níwájú ilé ìpanu ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò pọ̀, tẹmositáàtì ìsàba àti irú èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi hàn wọ́n bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ìyẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n pè mí ní oríṣiríṣi orúkọ, gbogbo rẹ̀ ló bá mi mu. Ọ̀gá ní, "O jẹ́ kí n lé ènìyàn rere!" Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, nítorí omi ti wà lójú rẹ̀. Ìkẹ́olúwa wà níbẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, inú ń bí mi sí yín o. Ṣùgbọ́n ẹ tún un ṣàlàyé, àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́." Mo tún un ṣàlàyé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ sí Ayébòdé lọ bẹ Ìyá Tiwátọ́pẹ́ kó padà wá. Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ti ara òun lòun fẹ́ ṣe báyìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ nǹkan, tí inú yín ń dùn bó bá dún "tá", ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ béèrè ìdí tí ẹni tó ṣáájú yín fi ṣe tirẹ̀ bó ṣe ṣe é. Oúnjẹ tó bá máa dúró, kí ó gbóná tó fi máa jóni lọ́wọ́, tàbí kí ó tutù nínú ẹ̀rọ. Ẹ má fi í sí àárín. Bí iṣẹ́ yín bá sì pa ènìyàn lára, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ àṣìṣe.

Wàyí o, ọwọ́ mi gbà. Mo so wáyà, mo de gíláàsì, mo gbé àpótí náà lọ sí ìsọ̀ tuntun Ìyá Tiwátọ́pẹ́ ní Ayébòdé. Mo tan án, mo fi mítì-páì sí i, a dúró. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó fọwọ́ kan páì náà, ó sì yọwọ́ kíá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀. Awọ ọwọ́ náà ti ń san. Ó gé páì náà sí wẹ́wẹ́, ó pín in fún àwọn ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó wò wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Ó ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà, kò tíì dé. Ẹ máa wá yẹ ooru rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹlòmíràn kọ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa wá."

Iṣẹ́ tí àpótí náà rí gbà fún mi nìyẹn.